Kí Ló Dé Tí Àjíǹde Kì í Dúró Sójú Kan Bíi Kérésì?

Lọ́dún 2026, àǹtí mi kan ní Ṣúrùlérè fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Ó ní Mọ́ńdè Àjíǹde lòun máa ṣe é, torí pé kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kàlẹ́ńdà ọdún 2025 ló ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ó wò ó, ó bá ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin níbẹ̀, ló bá lọ sanwó gbọ̀ngàn, ó sì tẹ káàdì: "Mọ́ńdè Àjíǹde, ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 2026." Káàdì ti dé Ìbàdàn, ó ti dé Ìjẹ̀bú, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, kí ẹnì kan tó ta á lólobó pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ 21 yẹn máa jẹ́, àti pé Mọ́ńdè Àjíǹde ti ọdún náà, ọjọ́ 6 ló bọ́ sí. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní àwọn kì í dá owó padà.

Lálẹ́ ọjọ́ tá a péjọ sílé rẹ̀ láti wá nǹkan ṣe sí i, inú ṣì ń bí i. "Kérésì kì í yẹsẹ̀. Ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá ni látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Kí ló ń ṣe Àjíǹde tó fi ń rìn káàkiri bí ẹni tí ò nílé?" Alhájì tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà, tó wá bá a kẹ́dùn, wá béèrè pé: "Àbí òṣùpá lẹ̀yin náà ń wò ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àṣé òótọ́ ni Alhájì sọ.

Kí là ń pè ní ọjọ́ mímọ́ ná?

Ọjọ́ mímọ́ ni ọjọ́ tí ìjọ yà sọ́tọ̀ láti rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ayé Jésù: ìbí rẹ̀, ikú rẹ̀, àjíǹde rẹ̀, àti bó ṣe padà sọ́run. Kì í kàn án ṣe ìrántí bí ẹni wo fọ́tò àtijọ́. Onígbàgbọ́ gbà pé bí òun ṣe ń ṣe ọjọ́ náà, òun náà ní ìpín nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ họ́lídè ìjọba. Ọjọ́ mẹ́rin nìjọba wa ń fún àwọn onígbàgbọ́: Ẹtì Rere tí gbogbo Èkó ń pè ní Gúùdù Fúráìdè, Mọ́ńdè Àjíǹde, Kérésì àti ọjọ́ kejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Boxing Day. (Boxing Day ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ jíjà o. Àpótí ẹ̀bùn tí àwọn ọ̀gá nílùú Òyìnbó máa ń kó fún àwọn ọmọọ̀dọ̀ wọn ló fa orúkọ náà.) Àwọn ọjọ́ mímọ́ ńlá mìíràn wà tí ìjọba ò ka họ́lídè sí, a máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Báwo wá ni òṣùpá ṣe wọ̀ ọ́?

Bíbélì ò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù, ṣùgbọ́n ó sọ ìgbà tó kú: àsìkò Àjọ Ìrékọjá ni, àjọ̀dún tí àwọn Júù fi ń rántí ọjọ́ tí Ọlọ́run mú wọn kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì. Oṣù ojú ọ̀run làwọn Júù ń kà, bíi ti àwọn Mùsùlùmí, ìgbà tí òṣùpá bá sì ti kún ni wọ́n ń ṣe Ìrékọjá. Níwọ̀n bí ikú àti àjíǹde Jésù ti rọ̀ mọ́ àjọ̀dún tó ń tẹ̀ lé òṣùpá, Àjíǹde náà ní láti máa tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé nílùú Nikea, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde. Òfin tó jáde látinú ìyẹn kò le. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 21, oṣù Kẹta. Dúró de òṣùpá àràmọ́jú tó bá kọ́kọ́ yọ. Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé e ni Àjíǹde.

Jẹ́ ká dán an wò lórí ọ̀rọ̀ àǹtí mi. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́bọ, ni òṣùpá náà kún. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ 5. Àjíǹde nìyẹn, Mọ́ńdè rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 6. Ní 2025 ńkọ́? Ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin ló kún, Sọ́ńdè gan-an sì ni ọjọ́ náà. Bó bá ti bọ́ sí Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ la máa sún un sí, ìdí nìyẹn tí Àjíǹde fi di ọjọ́ 20.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa àti ti Alhájì ti yàtọ̀ rèé. Òṣùpá nìkan ni kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ń tẹ̀ lé, nítorí náà ààwẹ̀ Rámàdánì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, títí táá fi yí gbogbo ọdún po, ẹ̀rùn àti òjò. Àjíǹde ò lè lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ torí pé ọjọ́ 21, oṣù Kẹta dì í lókùn mọ́lẹ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn: á jẹ lọ, á jẹ bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kúrò láàárín ọjọ́ 22, oṣù Kẹta sí ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin. Ní 2008, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta ló bọ́ sí. Ní 2038, ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin ló máa bọ́ sí. Kò sì sí pé à ń retí ìkéde lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, nítorí ìṣirò ni ìjọ ń lò, wọ́n lè kà á sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn ọjọ́ tó so mọ́ Àjíǹde, òun ni wọ́n ń bá kiri. Tó o bá ti rí i mú, o ti rí gbogbo wọn mú: Ọjọ́rú Eérú jẹ́ ọjọ́ 46 ṣáájú rẹ̀, Sọ́ńdè Imọ̀ Ọ̀pẹ ni Sọ́ńdè tó ṣáájú, Ẹtì Rere ku ọjọ́ méjì sí i.

Ẹtì sí Àìkú, ṣé ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ Sunday School fi ń dá olùkọ́ láàmú. Wọ́n ní Jésù kú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán Ẹtì, ó sì jíǹde kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́ tán. Wákàtí yẹn ò tó ogójì. Ọjọ́ mẹ́ta dà níbẹ̀?

Òyìnbó lọ̀rọ̀ yìí yẹ kó rú lójú, kò yẹ kó rú Yorùbá lójú rárá, torí pé bí àwọn Júù ṣe ń kà á làwa náà ń kà á. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí ọjọ́ Ajé, ìgbà wo la máa sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó sì ní ọjọ́ kẹjọ la sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ Òyìnbó máa ní ọjọ́ méje ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, a kà á mọ́ ọn. Ọjà ọrọọrún náà, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni Òyìnbó máa pè é. Àwa ní márùn-ún, torí pé òní tá a ná an wà nínú rẹ̀. Nígbà tá a bá sì sọ pé "ìjẹta", òní, àná, ìjẹta, mẹ́ta pé.

Ka ti Jésù bẹ́ẹ̀ wò: Ẹtì, ọ̀kan, Àbámẹ́ta, méjì, Àìkú, mẹ́ta. Ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta. Ìdajì ọjọ́ ń jẹ́ ọjọ́.

Jẹ́ kí ìkà yìí wà lọ́wọ́ rẹ, a ṣì máa lò ó.

Kí ni eérú ń ṣe níwájú orí?

Ogójì ọjọ́ ni Jésù fi gbààwẹ̀ nínú aginjù, ìyẹn ni Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ń tọ́ka sí. Àwọn kan ti ka kàlẹ́ńdà láti Ọjọ́rú Eérú dé Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n bá ọjọ́ 46, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ ìṣirò. Yọ Sọ́ńdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, ó ku ogójì. Gbogbo Sọ́ńdè ni ìrántí àjíǹde, a kì í sì í kà wọ́n mọ́ ọjọ́ ààwẹ̀.

Ààwẹ̀ yìí kì í ṣe láti sààrì títí di ìṣínu. Lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà (ìyẹn Kátólíìkì), òfin tó mú àgbàlagbà láti ọdún 18 sí 59 ni pé kí wọ́n jẹun àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní Ọjọ́rú Eérú àti Ẹtì Rere. Wọ́n lè fi nǹkan díẹ̀ panu lẹ́ẹ̀mejì mìíràn, bí méjèèjì papọ̀ kò bá sáà ti tó oúnjẹ kan. Ẹran ò sí níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, kálukú ló mọ ohun tó fi sílẹ̀: ọtí, súgà, fíìmù, òfófó. Lọ́dún 2025, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 5, oṣù Kẹta nígbà tí Rámàdánì ti wọlé. Ládùúgbò wa lọ́jọ́ náà, bí ẹnì kan ṣe ń kọjá lọ pẹ̀lú àmì dúdú níwájú orí, ni ẹlòmíì gbé búùtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí ìrun Mọ̀ngáríbì.

Eérú náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Sọ́ńdè Imọ̀ Ọ̀pẹ, a máa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ káàkiri àdúgbò, ní ìrántí bí Jésù ṣe gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù tí àwọn èèyàn ń ki í bí ọba. Màmá mi máa ń hun tirẹ̀ bí àgbélébùú, á ki í bọ ẹ̀yìn férémù fọ́tò bàbá wa ní pálọ̀. Ibẹ̀ ló máa wà títí tí àwọ̀ ewé á fi di ti koríko gbígbẹ, tí ìdí rẹ̀ á máa rún sílẹ̀ tá a bá ń gbálẹ̀. Nígbà tí ọdún bá yí po, tí Lẹ́ńtì bá kù díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì á ní ká kó wọn wá. Àwọn imọ̀ yẹn ni wọ́n máa dáná sun, eérú wọn ni àlùfáà máa fi ṣàmì àgbélébùú síwájú orí èèyàn, á sì sọ fún un pé erùpẹ̀ ni, erùpẹ̀ ló sì máa padà dà. Imọ̀ tá a fi yin ọba lódún kan ló ń rán wa létí ikú lódún kejì. Èmi ò mọ ìwàásù tó ju ìyẹn lọ.

Kí ló wá "rere" nínú Ẹtì Rere?

Ọjọ́ tí wọ́n kan ẹni ẹlẹ́ni mọ́ igi! Ṣùgbọ́n fún onígbàgbọ́, gbèsè ló san lọ́jọ́ náà. Bí ẹni pé onígbèsè wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀ wọlé wá, tó ní kí wọ́n tì òun mọ́lé dípò rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ọjọ́ burúkú ni fún ẹni tó dúró. Fún ẹni tó jáde, ọjọ́ rere ni. Orúkọ náà sọ ti ẹni tó jáde.

Síbẹ̀, ọ̀fọ̀ ni. Àwọn Àgùdà kì í ṣe Máàsì lọ́jọ́ náà, àfi ìsìn mìíràn tí wọ́n ti ń fẹnu ko àgbélébùú. Ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà ń ṣe ìsìn wákàtí mẹ́ta, láti aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, ìyẹn wákàtí tí Bíbélì sọ pé òkùnkùn fi bo ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi "Happy Good Friday" ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ kùtù, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká sin òkú tán ná. Tó bá di Sọ́ńdè, ẹ wá kí wa kú ọdún.

Lérékùṣù, Ẹtì Rere ní oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wá sí Èkó ní bí igba ọdún sẹ́yìn ló mú fíréjọ̀n wá. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ ni ẹ̀wà ti ń sè lórí iná títí táá fi rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi kánjìkà sẹ́ ẹ kúnná. Èmi ni wọ́n máa ń yan agbọn rírin fún ní Lafiájì. Ọwọ́ mi sábà máa ń gbà níbẹ̀. Wọ́n á fún omi agbọn sí ẹ̀wà, wọ́n á fi súgà sí i, wọ́n á máa rò ó lórí iná títí táá fi ki bíi kọ́sítáàdì. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata la fi ń jẹ ẹ́, àwọn kan á wọ́n gàrí lé e. Oúnjẹ dídùn tí ata ta lórí, ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí á ní báwo la ṣe fẹ́ jẹ ẹ́. Abọ́ tó ń lọ sílé àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ń pọ̀ ju tiwa lọ, torí pé tó bá di Iléyá, ẹran á padà wá.

Àjíǹde gan-an ńkọ́?

Òun ni orí gbogbo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́ wa. Èèyàn púpọ̀ ló ti kú ikú akọni. Ibojì tó ṣófo ni onígbàgbọ́ ní tí ẹlòmíì ò ní. Ohun tó túmọ̀ sí fún mi tí mo ti sin bàbá mi ni pé ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi kò tíì tán. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń kí ara wọn ní "Jésù jíǹde!" tí ìdáhùn sì ń jẹ́ "Ó jíǹde nítòótọ́!"

Ẹ tún wo orúkọ ọjọ́ tó bọ́ sí lédè wa: Ọjọ́ Àìkú. N ò sọ pé torí Jésù ni àwọn baba wa ṣe pè é bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ọ láàárọ̀ Àjíǹde kí n má rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ti Mọ́ńdè, ìgbafẹ́ ni. Jésù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé kí wọ́n lọ pàdé òun ní Gálílì, ni àwọn ìjọ wa náà fi ń sọ pé àwọn ń lọ sí "Gálílì", tí wọ́n á di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, ó di etí òkun. Lérékùṣù ní tiwọn, ìgbà yẹn ni Fàńtì, ìyẹn kánífà wọn, máa ń jáde: kàrẹ́tà, fèrè, ẹṣin, aṣọ aláràbarà, Campos níhìn-ín, Lafiájì níbẹ̀, Ọlọ́wọ̀gbowó lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí náà, ogún àwọn Àgùdà ni. Àlejò tó rí wọn máa rò pé eégún ni. Kì í ṣe eégún, ẹni tó fi ogójì ọjọ́ panu mọ́ ló ń jó.

Ta ló wá mú ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá?

Kì í ṣe Bíbélì. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tá a rí tó dárúkọ ọjọ́ náà, Róòmù ló ti wá, ní ọdún 336. Àwọn kan ní ìjọ gbé e lé orí ọdún oòrùn tí àwọn ará Róòmù ń ṣe. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti gbà pé ọjọ́ 25, oṣù Kẹta ni Màríà lóyún, wọ́n wá ka oṣù mẹ́sàn-án. Ìkejì yìí dùn mọ́ mi ju ìkíní lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì parí ìjà wọn. Àwọn ará Etiópíà, torí kàlẹ́ńdà tiwọn yàtọ̀, ọjọ́ 7, oṣù Kìíní ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Onígbàgbọ́ kì í jà lórí ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún: Ọlọ́run di ọmọ ìkókó. Fojú inú wo ọba kan tó bọ́ adé sílẹ̀ láàfin, tó gbé òṣùká lé orí, tó sì bá àwọn alààárù ru ẹrù ní Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì ń pariwo mọ́ ọn pé "Àgò lọ́nà!" Ìyẹn ni Kérésì. Gbogbo ariwo Detty December, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Lẹ́kí àti owó aṣọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wà. Àwọn ará Sẹ̀lẹ́ ní tiwọn, Ìmẹ̀kọ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kó lọ ṣe é, ibi tí wọ́n sin olùdásílẹ̀ ìjọ wọn sí.

Àwọn onígbàgbọ́ kan kì í ṣe Kérésì rárá, wọ́n ní Bíbélì ò pàṣẹ rẹ̀. Àwọn Deeper Life, ìpàdé àdúrà ni wọ́n ń lọ lásìkò náà. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ò ṣe Kérésì, wọn ò ṣe Àjíǹde, Ìrántí Ikú Kristi nìkan ni wọ́n ń ṣe. Tí aládùúgbò rẹ ò bá gba ìrẹsì ọdún lọ́wọ́ rẹ, ó lè má jẹ́ ìjà.

Àwọn ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rántí

Ìgòkè re Ọ̀run àti Pẹ́ńtíkọ́sì. Lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, kò lọ lójú ẹsẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ẹja, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó tó lọ ní ọjọ́ ogójì. Gbé ìkà ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn jáde: bẹ̀rẹ̀ láti Sọ́ńdè Àjíǹde fúnra rẹ̀, ọjọ́ ogójì máa ń jẹ́ Ọjọ́bọ nígbà gbogbo. Àárín ọ̀sẹ̀ ni, kò sí họ́lídè, ó sì ń kọjá láìfọhùn.

Máa kà á lọ dé àádọ́ta, o dé Sọ́ńdè. Pẹ́ńtíkọ́sì nìyẹn, ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Gíríìkì ni ọjọ́ àádọ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ló ni ín. Gbogbo ìjọ àtijọ́ ló ń ṣe é: lọ sí Kàtídírà Marina tàbí ti Holy Cross lọ́jọ́ náà, wàá rí aṣọ pupa lọ́rùn àlùfáà, torí ahọ́n iná tó bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ dé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè. Èèyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ wà ní Jerúsálẹ́mù, kálukú sì gbọ́ ìwàásù ní èdè abínibí rẹ̀. Ọlọ́run ò ní kí wọ́n lọ kọ́ èdè kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbọ́. Bíi kó o dúró lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣòdì, kí Haúsá, Ìgbò, Ègùn àti Ìjẹ̀bú gbọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ògbufọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tó kú sí Èkó ní 1891, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń ṣe.

Àǹtí mi padà ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní Sátidé, ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, Alhájì sì wà lórí ìjókòó iwájú. Nígbà tó ń kó káàdì àtijọ́ tó kù sínú àpò ìdọ̀tí, ó ní kí n kọ ti ọdún tó ń bọ̀ fóun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀kan nínú káàdì náà: Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ 10, oṣù Kejì, 2027, Ẹtì Rere, ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, Àjíǹde, ọjọ́ 28, Ìgòkè, ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 16. Ó gbà á, ó fi pínnì kàn án mọ́ ògiri, sórí kàlẹ́ńdà 2025 tí kò tíì yọ kúrò níbẹ̀.